Omi Kì Í Dì Ní Àkúrẹ́

Òróró àgbọn ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìgò rẹ̀ kan máa ń wà lórí pẹpẹ kíṣìnnì mi, òun ni mo fi ń pa ara lásìkò ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ mú dáadáa ní Àkúrẹ́, òróró náà á dì, á funfun bí ọ̀rá ẹran. Kò sí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yà lẹ́nu ní ọ̀dọ̀ tiwa. A á gbé ìgò sínú oòrùn, á yọ́, a á sì rí nǹkan fi pa ẹsẹ̀ tó ń sán. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi gbé ìgò náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó rí i pé kò ṣàn, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó ti dì," ó ní. "Omi ló kàn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó yé yín pé ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, torí mo ti fi ẹ̀rín yẹn bú ara mi tó.

Ọdún méjìlélógún ni ọkọ mi lò nílùú òyìnbó. Iṣẹ́ púlọ́mbà ló ṣe níbẹ̀, ó ń to páìpù, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nínú ilé onílé. Èmi wà ní Àkúrẹ́, mo ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Yorùbá, mo ń tọ́ ọmọ méjì tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó padà wálé pátápátá, orí rẹ̀ ti hewú, èmi náà ti ń múra àtifẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Á wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri nígbà tó wà lójú rẹ̀. Á bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀bà tó tutù. Mo ní ọjọ́ orí ni. Tí a bá ti ń sọ pé ọjọ́ orí ni, kò sí ohun tí a ò lè gbé mì.

Ó ti máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ilé mọ́ de òtútù níbẹ̀. Kí òtútù tó wọlé, wọ́n á fi nǹkan wé gbogbo páìpù. Wọ́n á ṣí ẹnu ẹ̀rọ kan sílẹ̀ díẹ̀ kí omi máa kán, torí omi tó ń rìn kì í tètè dì. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò á ti omi pa, á sì tú gbogbo èyí tó kù nínú páìpù dànù. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi á dì, á wú, páìpù á bẹ́, ilé á sì kún. Bí ìtàn ni mo ṣe máa ń gbọ́ ọ.

Tiwa yàtọ̀. Ní Àkúrẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, òjò ti dákẹ́, kànga ti ń fà sẹ́yìn, omi kò sì ṣe é fi ṣeré. Kí ọyẹ́ tó dé ni mo ti ń fọ tánkì orí òpó wa, tí mo ń pọn omi kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù, tí mo sì ń ri páìpù tó bá yọrí síta mọ́lẹ̀, kí oòrùn má baà sán an. Ọmọ tí wọ́n bí sílé tí kò sí omi ni mí. Mo ru omi odò kí n tó mọ ìwé kà. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ń kán tó, tó, tó níbi kan, ara mi kì í gbà á, àfi kí n dìde lọ tì í.

Ọdún àkọ́kọ́, aṣọ àlòkù mi ló fi wé páìpù. Ó fi okùn dì í mọ́ra, ó mọ́ tónítóní, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́. Páìpù tó ti ara ògiri gùnkè lọ sínú tánkì wọ ìró mi. Àwọn aládùúgbò wá wò ó. Mo ní, "Ẹ má dá òyìnbó lóhùn, ó ń daṣọ fún páìpù ni." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún kejì ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo jí láàárọ̀, mo fẹ́ fọ ojú, tánkì ṣófo. Ó ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ti fa gbogbo rẹ̀ mu. Mo tì í. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣí i. A ń ṣe báyìí títí ọyẹ́ fi lọ: ó ń ṣí, mo ń tì. Wọ́n ní omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Nínú ilé tiwa, omi ń bá tọkọtaya ṣọ̀tá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin púlọ́mbà kan wáyé. Ọmọ Ìta-Ògbólú ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Arakale, ẹni jẹ́jẹ́ sì ni. Mo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé, ọkọ mi ti ránṣẹ́ pè é. Mo bá páìpù wa nílẹ̀ ní gígé gígé, omi ń ṣàn bọ̀ wá pàdé mi lẹ́nu géètì.

Mo pariwo. Ọkùnrin náà dìde, ó ń nu ọwọ́ sára sòkòtò. "Mà, ẹ má bínú. Bàbá ní páìpù ti dí. Uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, mò ń wá ibi tó dí sí."

"Mi ò sọ pé ó dí," ọkọ mi ní. "Mo ní ó ti ń dì."

Ọmọ Oǹdó ni ọkọ mi, àwọn Oǹdó sì ní bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn wọn tí kì í bá tiwa mu. Ọ̀rọ̀ tó sọ kalẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ gòkè ní etí ọmọ Ìta-Ògbólú. Mo lo gbogbo ọjọ́ ayé mi lẹ́nu iṣẹ́ láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn. Dì, dí. Ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Mo máa ń sọ fún wọn pé àmì kékeré yìí lè ba ilé jẹ́, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì rántí. Ó wá kan tèmi.

"Dádì," mo ní, "omi kì í dì ní Àkúrẹ́."

Ó wò mí bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìdáhùn, tí olùkọ́ sì ń ṣàánú rẹ̀. "Gbogbo onílé ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kì í ṣe omi nìkan ló ń bí mi nínú. Ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin yìí fi ń kọ̀wé sí mi, lẹ́yìn náà ó ń pè mí lórí fóònù, tó ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun máa mú mi wá. Ọdún tó ń bọ̀ kò dé. Mo ra kóòtù kan sílẹ̀ ní ọjà òkìrìkà, kóòtù wúwo, aláwọ̀ búlúù. Kòkòrò jẹ ẹ́ nínú àpótí. Àwọn obìnrin ìjọ bi mí títí pé ìgbà wo ni mò ń lọ, wọ́n sì dákẹ́, ìdákẹ́ wọn ló wá dùn mí jù. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé obìnrin kan wà níbẹ̀. Mi ò bi í rí. Nígbà tó dé, mo se oúnjẹ, mo tẹ́ ibùsùn, mo sì fi ìbéèrè yẹn pamọ́ síbi tí mo fi kóòtù sí. Nítorí náà, nígbàkígbà tó bá ń wé páìpù tó ń sọ̀rọ̀ òtútù, ohun tí mò ń gbọ́ ni pé ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú ilé kan tí n kò dé rí, lọ́dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀.

Ọyẹ́ ọdún kẹta ló fọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún tí kò ti sí iná nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga kò lè ṣiṣẹ́. Ohun tó kù nínú tánkì la fi ń gbé ẹ̀mí ró. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, mo bá a níbi tó ti ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, tó sì tú ìdí tánkì. Omi ń dà bí òjò. Ó ní a fẹ́ rìnrìn àjò, kò sì yẹ kí omi wà nínú páìpù nígbà tí kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé.

Mo sáré gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé o ti ya wèrè ni? Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ìwọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé rẹ̀, mi ò pè é ní ìwọ rí. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, nínú ìjà, nínú lẹ́tà, níbi gbogbo. Ó dúró, omi ń rọ̀ sí i lára, ó ń gbọ̀n. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí ẹni tí kò mọ ilé ẹni tó wà. Ojú tì mí débi pé mo wọlé lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé e lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tó ń dá gbé ilé bàbá wọn. Mo sọ fún àwọn ọmọ wa pé yóò dára kó wà láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti sú mi. Mo di aṣọ rẹ̀, mo di oògùn rẹ̀, a wọ mọ́tò. Ní gbogbo ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ka igi ẹ̀bá títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Ọma mi," ó ní, ó fọwọ́ pa á lórí, ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún ó lé. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó, lọ sinmi. Ó ti délé." Mo padà sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Mo sinmi lóòótọ́. Tánkì kún, ó sì wà ní kíkún. Kò sí ẹnu ẹ̀rọ kankan tó ń kán. Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn, torí ilé dákẹ́ jù, mo sì ń tẹ́tí sí ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́ta bá jà. Mo ń sọ fún ara mi pé kó wà lọ́hùn-ún títí lọ. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí. "Ìyàwó, wá o. Ọma yìí ti fa gbogbo aṣọ fèrèsé mi ya." Kò bínú. Mo wọ mọ́tò àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà débi pé dírẹ́bà tan iná mọ́tò títí a fi wọ Oǹdó.

Mo bá a lẹ́yìn ilé, níbi tí páìpù kan ti yọ láti inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Ó kúnlẹ̀ sórí orúnkún tí mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Aṣọ fèrèsé tó ti fà ya wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tò wọ́n ní ìwọ̀n kan náà. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Ẹ kú àárọ̀, mà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìdí okùn yìí mú."

Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé. "Ẹ" yẹn ló fi hàn mí pé kò mọ̀ mí mọ́. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì di okùn mú, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

"Ta lẹ ń ṣe é fún?" mo ní.

"Ìyàwó mi ni. Ó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Tíṣà ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó máa ń bínú o. Ṣùgbọ́n kò mọ òtútù. Òtútù kò gbọdọ̀ mú un."

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀?"

"Ó pẹ́. Èmi ni mi ò jẹ́ kó wá."

Ó fi aṣọ yí páìpù, ó fà á le. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀.

"Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ pé kó máa bọ̀, páìpù wá bẹ́. Páìpù tèmi, èmi tí mò ń tún ti gbogbo ènìyàn ṣe. Omi kún yàrá dé bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà náà wà nínú ẹ̀. Mo jókòó sórí tábìlì títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní ṣé ibí ni màá mú ọmọ ọlọ́mọ wá? Mo ní ó di ìgbà tí mo bá rí ilé tó dáa." Ó mi orí. "Ilé tó dáa wọ́n lọ́hùn-ún, mà."

"Ẹ ò sọ fún un?"

"Ojú tì mí. Mo ní kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀."

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ń sunkún, mo sì ń rí ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe ń ta okùn ní kókó ìlọ́po méjì, tí kò ṣi ọ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ náà kò gbàgbé ohunkóhun. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ìbínú mi tán lójú ẹsẹ̀. Inú tún bí mi sí i. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan péré! Ọ̀rọ̀ tí ì bá sọ, tí ǹ bá sì gbé kóòtù mi wọ̀, kí n lọ bá a jókòó sórí tábìlì yẹn. Ta ló sọ fún un pé ilé ni mò ń fẹ́? Ó fi mí sílẹ̀ kí n máa bá obìnrin kan tí kò sí jà fún ọdún méjìlélógún, torí omi wọ yàrá rẹ̀.

"Ṣé ó le tó?" ó bi mí, ó na okùn.

Mo dán an wò. Mo ní ó le.

Mo mú un padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó tún pẹ́ díẹ̀, kí ara mi balẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, kò sí ìgbà tí ara mi máa balẹ̀. Ẹ jẹ́ n mú un lọ sí ulé." Ulé bọ́ lẹ́nu mi, èdè tiwa, wọ́n sì máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ yẹn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá wa gbé ẹrù dé ibùdókọ̀.

Mo ti gbé òróró àgbọn kúrò ní kíṣìnnì, inú yàrá ni mo fi í sí báyìí, níbi tí ọyẹ́ kì í tètè dé. Mo kó aṣọ àlòkù jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan fún un. Ní ti ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé, mo ti fi garawa sábẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣí i, omi ń kán sínú garawa, mo ń fi fọ abọ́. Ara mi kò tíì gbà á tán. Nígbà mìíràn, mo máa ń dìde láti lọ tì í, màá dé ẹnu ọ̀nà, màá sì padà.

Lánàá, ọyẹ́ mú gan-an. Ó wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì, ó wọ súwẹ́tà méjì, ó ti yí gbogbo páìpù ilé ká.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ìyàwó mi, ṣé ó ti dé?"

Mo ní ó ti dé.

"Páìpù ò bẹ́?"

"Páìpù ò bẹ́. Òtútù ò mú un."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó ní òun ṣì ní iṣẹ́ díẹ̀ níta, òun kò ní lè wọlé báyìí, kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun kí i. Mo ní màá jíṣẹ́.